Ẹni Tó Kù Lẹ́yìn Tí Ọjà Tú: Ìwé Mẹ́rin Tí A Kà Nítorí Ìrìnàjò Ítálì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń sọ pé a máa lọ sí Ítálì. Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó la kọ́kọ́ sọ ọ́, owó ilé sì gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ọmọ dé. Lẹ́yìn náà náírà já wálẹ̀, a bá pa ọ̀rọ̀ náà tì. Lọ́dún yìí, owó tí a ń tù jọ ti tó díẹ̀, màmá wa sì ti gbà láti bá wa tọ́jú ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó kù ni ọjọ́ tí a máa lọ.

Ẹnì kan nínú wa ń kọ kóòdù, ẹnì kejì ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì. Ní báǹkì, àwọn ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ mú ọjọ́ líìfù. Wọ́n mú oṣù kẹjọ, wọ́n mú oṣù kejìlá, ó wá ku oṣù kọkànlá fún àwa. Báyìí la ṣe di ẹni tó ń lọ Ítálì nígbà òtútù. A ò yàn án o, òun ló yàn wá.

Ẹni tó ń kọ kóòdù nínú wa ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣe: ó kọ prógíráàmù kékeré kan tó ń ka iye owó bàálù, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó réluwè, tó sì ń to ọjọ́ láti orí èyí tó dínwó jù. Oṣù kọkànlá ló wà lókè pátápátá. Yàrá tí wọ́n ń gbà ní owó gọbọi lóṣù kẹfà ti já sí ìdajì. Inú wa dùn. Àfi ìgbà tí ẹni báǹkì gbé ojú sókè tó ní, “Bàbá Ire, kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á ní ọ̀pọ̀ tó báyìí?”

Ẹni tó bá mọ ọjà á mọ̀ pé ìbéèrè gidi nìyẹn. Tòmátì tó dínwó nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ní ìdí tó fi dínwó. Prógíráàmù wa ò mọ ìdí, iye ló mọ̀.

A wá ìdáhùn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà ti ka irú àròkọ tí a bá pàdé níbẹ̀ rí. Ìlérí mẹ́ta ni wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá lọ sí Ítálì nígbà tí ọjà àlejò ti tú: èrò ò ní pọ̀, owó ò ní pọ̀, ẹ ó sì rí “Ítálì gan-an.” Àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́, ìkejì jẹ́ òótọ́. Ìkẹta ló ń dùn wá. Ítálì wo ni gan-an? Ṣé àwọn tó ń ta áísìkiriímù lóṣù keje, tí òógùn bò wọ́n, ayédèrú ni wọ́n ni? Àti pé nínú gbogbo àròkọ yẹn, àwọn onílé kì í sọ̀rọ̀. Ìyá arúgbó kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bàbá kan á máa mu kọfí, kí fọ́tò lè dùn wò. Àwọn Yorùbá sọ pé ojú àlejò ńlá ni, kì í fi í ríran. Irú àròkọ yìí ń gbé ojú ńlá yẹn tà.

A bá pa fóònù tì, a kó ìwé. Mẹ́rin la kà láàárín oṣù mẹ́ta, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn ni wọ́n kọ nípa Ítálì lẹ́yìn àsìkò, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ìwé atọ́nisọ́nà. Ìbéèrè kan ṣoṣo la gbé síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: nígbà tí ọjà tú, ta ló kù níbẹ̀?

A bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá gbogbo wọn, Goethe, akéwì ọmọ Jámánì. Ní aago mẹ́ta òru, ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1786, ó yọ́ jáde ní Karlsbad láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹni ọdún 37 ni, ó wà nípò ńlá lábẹ́ ìjọba Weimar, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì ti sú u. Ó yí orúkọ padà sí Möller, ó ní ayàwòrán lòun, ó sì dorí kọ gúúsù bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ṣe ń parí lọ. Ìwé tó kọ nípa rẹ̀, Italian Journey, kò jáde títí di 1816 àti 1817, ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sọ́fíìsì tí ẹ ń wo fèrèsé, ẹ máa fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Àwa náà fẹ́ràn rẹ̀ títí a fi dé Florence. Ìlú tí gbogbo ayé ń tìtorí rẹ̀ wọ bàálù, nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Róòmù ló ń pè é, kò lè dúró. Ó dé Assisi, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ti Francis Mímọ́, kò wọlé, nítorí pé ojúbọ Minerva ti àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló fẹ́ rí. A rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a wo tábìlì tiwa. Ìlú mẹ́fà lọ́jọ́ mẹ́rìnlá! Kí la fi yàtọ̀ sí i?

Àléébù ìwé Goethe nìyẹn, ẹwà rẹ̀ náà sì ni. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ rí kó tó kúrò nílé. Òkúta àtijọ́, ewéko, àwọn àpáta, ó rí wọn dáadáa, ó sì ń fi sùúrù ṣàlàyé wọn bí olùkọ́. Àwọn tó ń gbé láàárín òkúta náà, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo eré orí ìtàgé. Bí a bá bi í pé ta ló kù nígbà tí ọjà tú, á ní àwọn òpó ojúbọ ló kù. Ìdáhùn yẹn ò tó wa.

Ẹnì kejì ni Joseph Brodsky. Akéwì ọmọ Rọ́ṣíà ni, wọ́n lé e kúrò nílùú rẹ̀ lọ́dún 1972, ó di olùkọ́ ní yunifásítì lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1987. Ìgbà tí yunifásítì bá gba ìsinmi Kérésì nìkan ló máa ń ráyè, nítorí náà, ìgbà òtútù ló ń lọ sí Venice, ọdún dé ọdún, fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí a ka ibẹ̀ yẹn, a wo ara wa. Líìfù ló yan òun náà!

Ìwé kékeré tó kọ, Watermark, ló dùn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ka sókè létí ara ẹni. Àwọn orí kúkúrú kúkúrú ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń tàn bí omi. Ó dé ibùdókọ̀ réluwè lálẹ́ oṣù kejìlá, ohun tó kọ́kọ́ kí i káàbọ̀ sì ni òórùn ewéko inú òkun tó ń dì. Ó sọ nípa kùrukùru tó nípọn débi pé tí èèyàn bá jáde lọ ra sìgá kó tó padà, ó lè tọ ihò tí ara rẹ̀ lu sínú kùrukùru náà padà sílé. Ó sọ òótọ́ nípa òtútù pẹ̀lú, pé inú yàrá ìgbà mìíràn burú ju ìta lọ. Kò sí àròkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó sọ ìyẹn fún wa. Ní ti àwọn tó ń wá nígbà ooru, tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé, ó bú wọn pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìjà wa pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Brodsky ń bú àlejò, bẹ́ẹ̀ àlejò lòun náà. Àwọn ará Venice tó sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọlọ́lá tó ní ààfin àtijọ́ tàbí ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ìdọ̀tí láàárọ̀, ẹni tó ń ti ọmọlanke ẹrù gun afárá tó sì ń bọ́ sílẹ̀ lódì kejì, wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ìlú náà ṣófo nínú ìwé, ó sì lẹ́wà torí pé ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka iye. Lọ́dún 1951, nǹkan bí 175,000 èèyàn ló ń gbé ní àárín Venice àtijọ́. Lónìí wọn ò tó 50,000 mọ́. Òfìfo tí akéwì ń yìn yẹn, ilé ẹnì kan ló ti di yàrá àlejò.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí òǹkàwé mọ̀. Consorzio Venezia Nuova, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò Venice lọ́wọ́ omi fún, ló bẹ Brodsky níṣẹ́ ìwé yìí, ní Ítálì ló sì ti kọ́kọ́ jáde, lọ́dún 1989. Àwọn kan náà ló wá kọ́ MOSE, àwọn ìlẹ̀kùn irin tó ń dìde láti ìsàlẹ̀ omi. Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2019, kí wọ́n tó parí rẹ̀, omi ga dé sẹ̀ǹtímítà 187. Ti ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1966, tó dé 194, nìkan ló jù ú lọ. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni ìlẹ̀kùn náà kọ́kọ́ dí omi lọ́nà nígbà tó ń kún bọ̀. Ẹ wo oṣù tí àwọn ọjọ́ omi ńlá méjèèjì bọ́ sí. Oṣù tí prógíráàmù wa ń pè ní ọ̀pọ̀, òun ni oṣù tí onílé ń gbé fìríìjì rẹ̀ lé orí tábìlì. Ìdáhùn kan sí ìbéèrè ẹni báǹkì nìyẹn.

Ìwé kẹta ló dá wa jókòó. Carlo Levi, dókítà àti ayàwòrán, Júù ọmọ ìlú Turin, ta ko ìjọba Mussolini, wọ́n sì lé e lọ sí gúúsù lọ́dún 1935. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí Grassano, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí Aliano, abúlé kan lórí òkè amọ̀ ní Lucania. Kò gbọdọ̀ kọjá ààlà abúlé. Christ Stopped at Eboli, ìwé tó kọ nípa rẹ̀, jáde lọ́dún 1945. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni àkọlé yẹn: Kristi dúró ní Eboli, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ayé ò kà wá kún èèyàn.

Levi ò ní ìwé ìlú kankan lọ́wọ́, kò ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, kò sì ní ibòmíràn tó lè lọ. Nítorí náà ló ṣe ríran. Ó rí aṣọ dúdú tí wọ́n ń kàn mọ́ ilẹ̀kùn ilé ọ̀fọ̀, tí wọn kì í yọ títí oòrùn àti òjò yóò fi pa á láwọ̀ dà. Ó rí ibà tó ń pa àwọn ọmọdé. Ó wọ ilé àwọn àgbẹ̀, ó sì rí àwòrán méjì lára ògiri: Màríà Wúńdíá ti Viggiano lápá kan, Roosevelt ààrẹ Amẹ́ríkà lápá kejì. Àwòrán ọba wọn ò sí níbẹ̀, ti Mussolini náà ò sí. New York ni olú ìlú ọkàn wọn, torí ibẹ̀ ni àbúrò àti ẹ̀gbọ́n wọn ń gbé. Àwọn kan ti lọ rí, wọ́n ní kí àwọn wá wolé díẹ̀, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n fẹ́ ìyàwó, ọ̀nà sì dí mọ́ wọn nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n ní Houston, tí àbúrò yín wà ní Peckham, ṣé abúlé Ítálì ni ẹ̀ ń kà báyìí, àbí àdúgbò yín?

Nínú ìwé yìí kan náà, ẹ̀gbọ́n Levi obìnrin gba Matera kọjá, ó sì ròyìn àwọn Sassi fún un: àwọn ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta, tí èèyàn àti ẹran ń sùn pọ̀ nínú wọn, tí àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e pé kó fún àwọn ní oògùn ibà. Ọ̀rọ̀ náà di ìtìjú fún Ítálì lẹ́yìn ogun. Lọ́dún 1952 wọ́n ṣòfin láti kó nǹkan bí 15,000 èèyàn kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 1993 UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ara ogún ayé, lọ́dún 2019 Matera di olú ìlú àṣà fún Yúróòpù. Lónìí, ihò tí àwọn ọmọ yẹn ti ń gbọ̀n fún ibà ti di òtẹ́ẹ̀lì. A rí ọ̀kan nínú wọn lórí prógíráàmù wa. Ó dínwó lóṣù kọkànlá, fọ́tò rẹ̀ dùn wò, àbẹ́là ń jó nínú ihò. Ẹnì kan nínú wa ní ká mú un. Ẹnì kejì ní òun ò lè sùn níbẹ̀ lẹ́yìn ohun tí òun kà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi bára wa jà lórí rẹ̀. Ìwé tó bá lè dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya ti ṣiṣẹ́.

A ò gba gbogbo tirẹ̀ náà ṣá. Levi ń sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bí ẹni pé àwọn àgbẹ̀ yẹn wà lẹ́yìn òde ìtàn, bí ẹni pé wọn kì í yí padà. Àwa tí a gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ara wa rí mọ̀ pé ìyìn náà ní ẹ̀gún nínú. Ó sì dùn wá pé ìwé òun fúnra rẹ̀ ló já a ní irọ́: àwọn tó ń ka owó dọ́là, tí wọ́n mọ orúkọ ààrẹ Amẹ́ríkà, báwo ni wọ́n ṣe wà lẹ́yìn òde ìtàn?

Afíríkà wà nínú ìwé náà, lẹ́bàá kan. Oṣù kẹwàá 1935 ni Mussolini bẹ̀rẹ̀ ogun sí Etiópíà, rédíò sì ń pariwo rẹ̀ ní gbàgede Aliano. Ọ̀ràn ogun náà ò kan àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí Addis Ababa ṣubú lóṣù karùn-ún 1936, ìjọba fi ayọ̀ ìṣẹ́gun dárí ji àwọn kan, Levi sì wà lára àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, ṣùgbọ́n kò dúró lórí rẹ̀, a sì fẹ́ kó dúró.

Torí ìyẹn la ṣe wá ibi tí Afíríkà wà nínú Ítálì ìgbà òtútù lónìí, ọ̀nà sì gbé wa dé Castel Volturno, létí òkun lápá òkè Naples. Àwọn ará ìlú ńlá ló kọ́ ilé ìsinmi síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960 síwájú, fún ìgbà ooru nìkan. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1980, wọ́n kó àwọn tí ilé wọn wó síbẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ náà bàjẹ́, àsìkò àlejò ò padà wá mọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Gánà tó ń wá ilé tó rọra sì wọ inú wọn. Níbẹ̀ ni Miriam Makeba ti kọrin kẹ́yìn láyé, ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2008, níbi ìpéjọ láti ti Roberto Saviano lẹ́yìn, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí àwọn Camorra yìnbọn pa ọmọ Afíríkà mẹ́fà nílùú náà. Bó ṣe kúrò lórí ìtàgé ló ṣubú. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ò dé ibẹ̀. A ò fi í sínú ètò wa, torí a ò fẹ́ lọ wo ọmọ ìyá wa bí ẹni ń wo àwòrán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bí “lẹ́yìn àsìkò” ṣe ń rí tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ibẹ̀ ló wà.

Ìwé kẹrin kì í ṣe ìwé, àròkọ ojú ewé díẹ̀ ni. Natalia Ginzburg kọ Winter in the Abruzzi lọ́dún 1944. Ìjọba Mussolini ti lé ọkọ rẹ̀, Leone, lọ sí Pizzoli, abúlé orí òkè kan nítòsí L’Aquila, òun àti àwọn ọmọ sì tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò níbẹ̀, láti 1940 di 1943. Kò sí nǹkan ńlá tó ṣẹlẹ̀ nínú àròkọ náà. Yìnyín ń bọ́, wọ́n ń dáná, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yìnyín lójoojúmọ́, àwọn ará abúlé ń pe ọkọ ní ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ eyín àti ti owó orí. Ilé ń sọ tọkọtaya náà, wọ́n ń ráhùn, wọ́n ń dúró de ọjọ́ tí ayé gidi máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní ìparí, láìgbé ohùn sókè, ó sọ fún wa pé ọkọ òun kú sí ẹ̀wọ̀n Regina Coeli ní Róòmù, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní abúlé náà. Ó bi ara rẹ̀ pé ṣé àwa náà nìyí, àwa tí à ń ra ọsàn, tí à ń rìn nínú yìnyín? Ìgbà tí wọ́n ń kà sí ìgbà òfo yẹn ló dára jù láyé òun, ìgbà tó sì lọ ló tó mọ̀.

A ka ìparí yẹn, a pa iná. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án tí a fi ń sọ pé a máa lọ, yàrá kan tí a kọ́kọ́ gbé, jẹnẹrétọ̀ tí kì í ṣiṣẹ́, ọmọ tó ń ké lóru, ṣé ìgbà òfo la pe gbogbo rẹ̀ ni? Nínú àwọn òǹkọ̀wé mẹ́rin yìí, òun nìkan ló dáhùn ìbéèrè wa tààrà. Ta ló kù nígbà tí ọjà tú? Ó mọ̀ wọ́n lórúkọ, ó mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ọsàn.

Ìdajọ́ wa nìyí. Àwọn ìwé tó dára jù nípa Ítálì lẹ́yìn àsìkò, ẹni tí kò yan àsìkò náà ló kọ wọ́n. Brodsky, kàlẹ́ńdà iṣẹ́ ló gbé e lọ. Levi àti Ginzburg, ọlọ́pàá ni. Bí ẹnì kan bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, tí kò sì rí ọ̀nà sá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìwé rẹ̀. Àwọn àròkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣèlérí ìran tí Levi rí, wọ́n sì ń ta á fún ẹni tó máa lo òru méjì. Irọ́ tó wà nínú ìlérí kẹta nìyẹn. Òru mẹ́rìnlá tiwa náà ò lè ra á.

Ohun tí ètò ìrìnàjò lè ṣe kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó wà. A padà sídìí prógíráàmù wa, a sì fi òpó kan kún tábìlì rẹ̀: kí ni àwọn onílé ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn? A bẹ̀rẹ̀ látorí òtútù tí Brodsky kìlọ̀ fún wa. Òfin kan ti ọdún 1993 ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n lè tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Ní Venice ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ní Róòmù láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá, ní Naples ó di ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá. Ìyẹn ni pé gúúsù tí a rò pé ó móoru lè jẹ́ ibi tí a ó ti gbọ̀n jù nínú yàrá. Lẹ́yìn náà a fi ólífì síbẹ̀. Oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ká a ní Umbria, wọ́n á tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ igi, wọ́n á gbọn ẹ̀ka, wọ́n á gbé èso lọ síbi tí wọ́n ti ń fún un. Òróró tuntun náà máa ń ta lọ́nà ọ̀fun bí ata. Fún àgbẹ̀ ibẹ̀, àsìkò ń lọ lọ́wọ́ nìyẹn, kò tú rárá.

Lẹ́yìn náà la rí ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá. Àjàkálẹ̀ àrùn wọ Venice lọ́dún 1630, ìlú jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ó bá kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn á kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún Màríà. Ṣọ́ọ̀ṣì Salute nìyẹn, Longhena ló yà á. Lọ́dọọdún, títí dòní, wọ́n ń tẹ́ afárá onígbà díẹ̀ sórí odò ńlá àárín ìlú, àwọn ará Venice á gba orí rẹ̀ kọjá lọ tan àbẹ́là, wọ́n á padà sílé lọ jẹ castradina, ọbẹ̀ ẹran àgùntàn àti kábéèjì. Lọ́dún 2024 ìjọba ìlú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí gba yúrò márùn-ún lọ́wọ́ àlejò tó bá wá fún ọjọ́ kan, láwọn ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù. Lóṣù kọkànlá ẹnikẹ́ni ò gbà á. Ọjọ́ tí wọn ò ka àlejò sí nìyẹn, òun gan-an la fẹ́ lọ dúró sí, lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ká má dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Nítorí náà a yí ètò náà po. Òru méjì ní Róòmù, mẹ́rin ní Matera, mẹ́rin lóko kan ní Umbria, mẹ́rin ní Venice, kí ọjọ́ 21 lè bá wa níbẹ̀. Ní Matera, ilé lásán la mú ní àdúgbò tuntun, irú èyí tí wọ́n kó àwọn ará ihò lọ. A ó fi ọjọ́ kan lọ sí Aliano, ibi tí wọ́n sin Levi sí gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. A yọ Naples. A yọ Florence pátápátá, a ò tilẹ̀ fún un ní wákàtí mẹ́ta Goethe. Ètò yìí wọ́n ju èyí tí prógíráàmù kọ́kọ́ yàn fún wa lọ, ẹni báǹkì ló sì fọwọ́ sí i.

Ìṣòro kan kù. Físà ò mọ gbogbo ìyẹn. Wọ́n fẹ́ ìnṣọ́ránsì tó tó 30,000 yúrò, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí a máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí àyè fún “a ó wò ó bó bá ṣe rí.” Brodsky àti Levi lè fi ojú ewé sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A kọ gbogbo òru mẹ́rìnlá sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́, a fi ọ̀sán sílẹ̀ fún ara wa. A ti sanwó Venice, irú èyí tí wọn kì í dá padà. Físà ò tíì jáde bí a ṣe ń kọ èyí.

Bí ẹ bá máa ka ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ ka Ginzburg. Kò gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ kà á sókè fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé, yálà físà jáde tàbí kò jáde.